Ajẹná-má-mumi àti Ìpara Aṣẹ́gun-iná

Ẹ ti lè rí agbéraga rí, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí Ajẹná-má-mumi. Gbangba ìta ló ti ń jẹ iná, kí ayé lè pàtẹ́wọ́ fún un. Bí kò bá rẹ́ni pàtẹ́wọ́, á pàtẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní baba ńlá òun ló kọ́ iná ní jíjó. Pé kó tó dìgbà náà, ńṣe ni iná kàn ń jókòó.

Èmi àgbà mọ àṣírí rẹ̀: itọ́ ni. Á fi itọ́ rin ẹnu gbindin, á rọra mí síta, á pa ètè dé mọ́ iná. Iná tí kò bá ti rí atẹ́gùn, òkú ni.

Iṣẹ́ gidi ni, ká ní ó mọ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò kì í jẹ́ kí ẹnu kan tó jẹun. Ó po òróró mọ́ àtíkè, ó pè é ní ìpara aṣẹ́gun-iná, ó gbé e lọ sílé búrẹ́dì, níbi tí kò sọ́wọ́ tí kò ní àpá iná.

Ó kọ́kọ́ fẹnu pa ògùṣọ̀ mẹ́ta lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Wọ́n hó yèè.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ fi pa ọwọ́, kẹ́ ẹ fi yọ páànù láìlo àkísà. Iná ò ní mọ̀ pé ẹ wọlé."

Kíá, ìyàwó ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì ti pa á dé ìgbọ̀nwọ́, ó ti ń nawọ́ sínú ààrò. Ìyá alára gbé tíì fún àlejò. Ojú pọ̀ lára ọ̀gá ajẹná; ta ni yóò jẹ iná tán tí yóò tún máa fẹnu fẹ́ tíì kó lè tutù? Ó dà á sẹ́nu gbàà.

Igbe tó ké, àkùkọ ìletò kejì dáhùn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àkùkọ náà. Ife fò, ọ̀gá fò, ìyàwó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ wéré.

"Kí ló dé, Ọ̀gá Ajẹná?"

"Ó gbóná."

"Kí ló gbóná?"

"Tíì."

Ìyá wo ògùṣọ̀ mẹ́ta, ó wo ife.

"Ẹ jẹ ògùṣọ̀ mẹ́ta, ẹ ò mikàn. Tíì lásán ló wá ń pa yín lẹ́kún?"

"Mi ò fi ìpara pa ahọ́n ni, ìyá."

"Ìyẹn ò le." Ìyá Oníbúrẹ́dì ki ìka bọ ìpara, ó bù ú rẹpẹtẹ. "Ẹ la ẹnu. Tíì ṣì wà lórí iná."

Ẹnu tó ń yà gbàgà fún iná bá pa dé pinpin, bíi tọmọ tó rí àgbo. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló fi rìn jáde, àwọn òṣìṣẹ́ gbé ìkòkò ìpara tẹ̀ lé e dé títì:

"Ọ̀gá, ẹ kúkú lá díẹ̀."