Adágún Tí Kò Nísàlẹ̀

Bí ẹ bá gbé Egan lọ́dún 1992 tí ẹ kò mọ Bàbá Múdàṣírù Ṣóbọ̀wálé, a jẹ́ pé inú àpótí lẹ ń gbé. Oyè mẹ́ta ló fi ara rẹ̀ jẹ, kò dúró de ọba kankan: Ọkọ Odò, Olówó Ẹja, Amòòkùn-má-tutù.

Ìdílé rẹ̀ ló ni adágún tó wà láàárín àdúgbò wa àti títì Igando. Omi náà pọ́n bíi tíì. Bàbá ní kò nísàlẹ̀.

"Mo mòòkùn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan," ni yóò wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn òyìnbó ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, mo padà."

Ta ló fẹ́ kú? Gbogbo wa ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ sọdá, náírà kan lọ, náírà kan bọ̀. Àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ kò gùn ju orógùn lọ. Bí ìdí ọkọ̀ bá ń ha nǹkan nísàlẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, Bàbá á ní, "Ẹ má mikàn. Ẹja ńlá kan ló ń họ ẹ̀yìn." Èmi ti fura tipẹ́ o, ṣùgbọ́n ọ̀nà igbó jìn, ẹsẹ̀ sì ń dùn mí.

Susanna, ayálégbé rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ẹja lábẹ́ ìjọba. Omi yẹn ti sọ aṣọ funfun tó fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì di àwọ̀ gààrí elépo. Ó lọ bá Bàbá níwájú ẹgbẹ́ onílé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, àrọ̀ ti pọ̀ jù nínú omi yìí. Wọ́n ń tú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kiri. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ sì ń jẹ kòkòrò tín-ín-tìn-ín tó yẹ kó máa bá wa jẹ èérí aláwọ̀ ewé. Ká kó púpọ̀ nínú wọn kúrò, omi á mọ́ fúnra rẹ̀."

"Ìsàlẹ̀ wo?" Bàbá fò dìde. "Ta ló sọ fún ẹ pé ó nísàlẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju àwọ̀n sómi mi!"

"Ẹ̀yin lẹ máa ni gbogbo ẹja tá a bá kó, sà."

Bàbá lá ètè.

"Àtàwọn wẹ́wẹ́?"

"Àtàwọn wẹ́wẹ́, sà."

"Ó ti ń wù mí tipẹ́ kómi yìí mọ́. Ṣùgbọ́n tí kò bá mọ́ lóṣù méjì, kẹ́rù ẹ jáde nílé mi. Mi ò lè bá òpùrọ́ gbélé."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi fa àwọ̀n gígùn láti bèbè sí bèbè. Irùngbọ̀n àwọn àrọ̀ náà gùn ju tèmi lọ. Ọ̀kan wúkọ́ lójú mi. Bàbá pa ọkọ̀ tì, ó ń yan ẹja títí èéfín fi dé Ìpájà. Ó ń jẹ, ó ń sùn, kò yọjú wo omi. Àwa ń gba inú igbó yípo. Susanna ń lọ wo omi láràárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà tí kò tíì mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ìkòkò rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Bàbá dé nínú agbádá, kó wá lé ayálégbé níwájú èrò. Ó wo etí omi: ó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Kíá ló yíhùn padà.

"Ẹ rí i? Èmi ni mo pàṣẹ fún un!"

Ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó tù ú dé àárín, kí gbogbo ayé lè rí i dáadáa. Ojú rẹ̀ wà lára èrò. Tiwa wà nísàlẹ̀.

Mùnírátù tó ń ta búrẹ́dì pariwo: "Bàbá, mo rí ìsàlẹ̀ o! Bàtà ẹnì kan wà níbẹ̀!"

"Bàtà òyìnbó ni!" Bàbá yí padà láti na ìka sí i. Ọkọ̀ dojú dé. Gbàmù!

"Ẹ gbà mí o! Mo ń rì! Mo ti kọjá àárín ayé!"

"Bàbá," ni Susanna wí jẹ́jẹ́, "ẹ dìde dúró, sà."

Bàbá dìde. Omi kò dé orúnkún rẹ̀.

Mùnírátù ká ìró rẹ̀ sókè, ó gbé búrẹ́dì karí, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Gbogbo wa tẹ̀ lé e, èmi ni mo ṣìkejì. Bàbá wọ́ agbádá tútù bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó gun bèbè, Mùnírátù ti na ọwọ́ sílẹ̀ dè é.

"Náírà kan, Bàbá."