Ọmọ Tí Bàsítì Pọ̀n Lọ́jọ́ Ìdánwò

Bàsítì ṣì ń gbọ̀n o! Bó ṣe ń sọ ọ́ fún wa yìí, eyín ń lu eyín, kọ́-kọ́-kọ́-kọ́. Omi tá a bù fún un ti dà sí i láyà tán, ẹ̀kán kan ò tíì dé ọ̀nà ọ̀fun.

Ẹ̀rù ń ba òun, ẹ̀rín ń pa èmi.

Ẹ̀kọ́ títọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ni Bàsítì ń kà ní yunifásítì. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní àdúgbò Kpata máa ń bi í pé, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń nu imú ọmọ lo fẹ́ fi gbogbo ọdún yìí kọ́?" Ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Máíkírò-tíṣìn ló wà lọ́kàn ẹ̀.

Tó bá dọjọ́ máíkírò-tíṣìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan á bọ́ síwájú, òun ni olùkọ́. Gbogbo àwọn tó kù, onírùngbọ̀n o, abiyamọ o, wọ́n á di ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n á máa ja bísíkíìtì gbà, wọ́n á láwọn fẹ́ tọ̀, wọ́n á máa ké. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Tí ọmọ kan bá fi lè sunkún títí aago fi lù, olùkọ́ ti féèlì nìyẹn.

Bàsítì sì ti féèlì ẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ tó rán an nílé-ìwé ti búra: tó bá tún féèlì, kó wálé wá máa ru agbọ̀n ẹja gbígbẹ tóun ń tà. Ọ̀rọ̀ yunifásítì parí.

Ló bá dúró síwájú kíláàsì, ó wọ épírọ́ọ̀nù olódòdó. Dókítà Esther tó fẹ́ máàkì ẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó fi bírò sẹ́nu.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi!"

"Ẹ káàárọ̀, Ọ́ńkù!"

Sámúẹ́lì onírùngbọ̀n ti ń fa ìbòrí Nímátù. Ìyẹn rọrùn. Bàsítì la àwọn méjèèjì, ó ní kí wọ́n dìmọ́ra. Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ń lọ dáadáa.

Àfi bí Alhaja Kùdírátù ṣe ju ara ẹ̀ sílẹ̀.

Gbììììdì!

Aláṣọ ni Alhaja yìí ní Old Market. Ó fẹ́ dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀, ìyẹn ló ṣe wọ yunifásítì lẹ́yìn táwọn ọmọ ẹ̀ ti jáde tán. Obìnrin sìgbọ̀nlẹ̀ ni. Tó bá jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ àwọn tó wà lápá kejì á kúrò nílẹ̀.

"Mo fẹ́ màmá miiiiii!"

Bàsítì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dìde, ọmọ dáadáa."

Dókítà gbójú sókè. "Ọ̀gbẹ́ni, ta ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́ta?"

"Mà, ọmọ yìí ti ní ọmọ-ọmọ!"

"Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

Ó fún un ní bísíkíìtì. Alhaja jù ú gba ojú fèrèsé. Ó kọrin. Alhaja fi igbe bo orin mọ́lẹ̀. Ó na bọ́ọ̀lù sí i.

Hàn-ùn! Alhaja gé e níka jẹ!

Sámúẹ́lì, ọmọ ìyà, òun ló dá a sílẹ̀: "Ọ́ńkù, pọ̀n ọ́n!"

Kíláàsì gbà á: "Pọ̀n ọ́n! Pọ̀n ọ́n! Pọ̀n ọ́n!"

Aago ti fẹ́ lù. Bàsítì rí agbọ̀n ẹja lójú ọkàn ẹ̀ kedere. Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Alhaja gùn ún. Eegun ẹ̀yìn ẹ̀ ké: kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀. Nímátù mú ìró tí wọ́n fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọn bèbí, ó gbá wọn pọ̀, ó ta á ní kókó tí ikú nìkan lè tú.

Alhaja ki àtàǹpàkò bọ ẹnu, ó gbórí lé e léjìká.

Ó dákẹ́.

"Ó dára o!" Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tó bá ti sùn báyìí, o ti yege."

Bàsítì bẹ̀rẹ̀ sí í mì í. Òógùn ń ṣàn. "Jòjòló mi, sùn o… má dá mi dá ayé o…"

Alhaja sì sùn lóòótọ́! Ó ti rẹ obìnrin ọlọ́jà. Ló bá ń hanrun: hàààn-fùùù.

Ilẹ̀kùn ṣí.

Alhaji Mùkáílà, ọkọ ẹ̀, ló gbé fóònù tí ìyàwó ẹ̀ gbàgbé sílé wá. Ó wo ìyàwó ẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn tó wà. Ó wo épírọ́ọ̀nù olódòdó.

"Kùdírátù!!!"

"Alhaji, ẹ rọra sọ̀rọ̀," ni Sámúẹ́lì wí. "Ọmọ ń sùn."

Ẹ̀rín ń pa mí o, ẹ gbà mí!

Alhaji bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Alhaji, iṣẹ́ ilé-ìwé ni!"

"Dúró níbẹ̀, kí n bá ẹ máàkì ẹ̀!"

Fììììrì! Bàsítì ti já síta.

Ó sáré la àdúgbò Adankolo já. Ẹsẹ̀ ẹ̀ wúwo bí ọlọ, ó ní ẹ̀rù ló fà á. Ó wá ń gbọ́ èémí lọ́rùn: hàààn-fùùù.

"Yé! Alhaji ti bá mi!"

Ó fi eré kún eré. Ó yà sọ́tùn-ún, èémí yà sọ́tùn-ún. Ó fo gọ́tà, èémí bá a fo gọ́tà. Àwọn ọlọ́kadà dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́: "Chai! Strong man! Carry go!" Ta ló fẹ́ ráyè dá wọn lóhùn?

Ó dé yàrá ẹ̀, ó kó wọlé. Nǹkan lu àtérígbà: gbàù! Ó fọwọ́ kan orí, orí ò dùn ún. Kò dúró rò ó. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó fi irin dábùú ẹ̀: kààṣà!

Alhaji dé ìta. Gbà! Gbà! Gbà! "Gbé ìyàwó mi jáde!"

"Ìyàwó yín kẹ̀? Alhaji, wàláhì, èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá yìí! Kò sóbìnrin kankan lọ́dọ̀ mi! Tí mo bá parọ́, kí…"

Ó fà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, gbì.

"Yéééè! Ọ́ńkù, o jókòó lé mi o!"