Ọdẹ Inú Pijó

Ẹ má wulẹ̀ wá akọni kiri ní Ọ̀rẹ̀. Ọláníran Onígẹdú ti ní òun ni. Lásìkò tí owó epo ń ya lulẹ̀ bí òjò, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, inú Pijó ló ti ń dẹ ìgbẹ́: dírẹ́bà á tan iná mọ́tò, ẹran á dúró sójú kan, ọ̀gá á na ìbọn jáde lójú fèrèsé. Tó bá délé, á ní, "Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, tó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ." Ìyà tó jẹ ẹ́ náà ni pé ìjókòó mọ́tò gbóná.

Oyè Olúọdẹ Odigbo wá ṣí sílẹ̀. Ó wu Ọláníran débi pé oorun dá lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Baba Ògúndípẹ̀, àgbà àwọn ọdẹ, ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ wọgbó, kó sì pa ẹran tó lè sá.

"Ẹsẹ̀ wo?" Ọláníran bi dírẹ́bà rẹ̀.

Àsìkò yẹn ni Olúsọjí, ayàwòrán tẹlifíṣọ̀n, dé láti wá ya àwọn ẹranko inú igbó. Ní ti Ọláníran, òun ni wọ́n wá yà.

Ó lọ yá ẹtu kan lọ́wọ́ Ìyá Ọlọ́runbùnmi, tó tọ́ ẹran náà dàgbà nínú ọgbà ilé àdúrà ní Araromi-Obu. Ó ní wọ́n kàn fẹ́ ya àwòrán rẹ̀ ni. Kò mẹ́nu ba ìbọn. Dírẹ́bà so ẹran mọ́ igi kòkó nínú oko tó kọjú sí ilé àdúrà, ó fi ewé bo okùn.

"Ọ̀gá, okùn wà lẹ́sẹ̀ ẹran yìí," Olúsọjí wí.

"Ojú mi ni kí o máa yà. Má sì gé nǹkan kan kúrò."

"Ohun tí ẹ̀rọ bá rí ni mo máa ń fi hàn, sà."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́."

Ọláníran rá pálá, ó na ìbọn. Agogo ilé àdúrà dún lọ́ọ̀ọ́kán, kò kọbi ara sí i. Ó di ojú, nítorí ariwo ìbọn máa ń dẹ́rù bà á, ó yìn ín. Nígbà tó lajú, okùn ti já, ẹtu ti lọ. Kò bà á nínú jẹ́ rárá. Dírẹ́bà lọ ra ẹtu tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì Ọ̀rẹ̀, ọ̀gá gbé e lọ fún Baba Ògúndípẹ̀ pẹ̀lú ìyangàn.

Ọjọ́ tí wọ́n fi sinimá tí Olúsọjí yà hàn ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ Odigbo, èrò kún dé ẹnu ọ̀nà. Ọláníran gba makirofóònù.

"Mo rin òkè, mo rin pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ wo bí ẹhànnà ẹran yìí ṣe ń wò mí."

Ẹhànnà ẹran ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní tirẹ̀. Agogo dún. Ẹtu gbé etí sókè, ó já okùn, ó fò lọ. Ẹ̀rọ kẹ̀yìn sí Ọláníran, ó ń bá ẹtu lọ. Ìbọn dún lẹ́yìn, ẹtu ti wọ ọgbà ilé àdúrà, ó ti ń gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin aláṣọ funfun tó ń lu agogo.

Obìnrin náà, Ìyá Ọlọ́runbùnmi, dìde láàárín èrò. "Ẹtu mi nìyẹn. Ó wà nílé báyìí. Ọ̀gbẹ́ni, àwòrán lẹ ní ẹ fẹ́ yà. Ìbọn wo ló dún yẹn?"

Ọláníran kọjú sí Olúsọjí. "Èmi dà nínú ẹ̀?"

"Ọ̀gá, ẹ ní kí n má gé nǹkan kan."

Baba Ògúndípẹ̀ tún fìlà rẹ̀ dé. "Nínú gbogbo ohun tí a wò yìí, ẹtu nìkan ló fi ẹsẹ̀ rìn. Bó bá jẹ́ ti oyè ni, ẹ lọ mú un wá."

Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ wó fún ẹ̀rín. Ojú ti Ọláníran, ó sá jáde lọ bá mọ́tò. Ẹ̀rín ti dá dírẹ́bà dùbúlẹ̀ sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni Ọláníran fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti Odigbo dé Ọ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó yà á.