Kalfani Jí Àìsàn Katapílà

Ẹjọ́ tó wọ ilé Ṣéèkì Sahiranu lánàá, ká ní mi ò sí níbẹ̀ tí mò ń bu kọfí fáwọn àgbà ni, ẹni tó bá sọ ọ́ fún mi, màá ní irọ́ ló ń pa. Olè ni wọ́n fi kan Kalfani, àgbà mẹkáníìkì tó ti ń tún katapílà ṣe níbi tá a ti ń wa òkúta lábúlé wa fún ohun tó lé lógún ọdún. Tíṣà Muntiri ló pè é lẹ́jọ́, ẹni tó ti ìlú Muskati wá kọ́ àwọn mẹkáníìkì wa ní ìjìnlẹ̀ iṣẹ́ ọ́ìlì tó ń gbé apá katapílà. Wọn ò gba Kalfani sí kíláàsì náà torí pé kò mọ̀wé. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá gba ìwé ẹ̀rí ò ní fọwọ́ kan katapílà mọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí.

"Tíṣà, kí ló jí?" Ṣéèkì bèèrè.

"Àìsàn ni, Ṣéèkì."

Àwọn àgbà wo ara wọn lójú.

"Mo fẹ́ dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wò. Mo tú fáàfù kan lára katapílà nírọ̀lẹ́, kí apá ẹ̀ má lè gbé òkúta, kí wọ́n wá ohun tó ń ṣe é láàárọ̀. Kí n tó dé, bàbá yìí ti wò ó sàn. Ó ba ìdánwò mi jẹ́."

"Kalfani, ṣé lóòótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Mo ti ìrun Àsùbáà dé, mo ṣáná sí i, mo gbọ́ tó ń kérora. Ṣé kí n máa wò ó níran ni?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án?" Tíṣà já lù ú.

"Ta ló ní kí ìwọ ṣe é léṣe?"

"Ìdánwò ni, Bàbá."

"Bó o bá fẹ́ dán dókítà wò, ṣé wàá fún ìyá ẹ ní májèlé ni?"

Wọ́n pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó ṣe ìdánwò náà wá jẹ́rìí ohun tí wọ́n kọ. Yarubu ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní pọ́ǹpù ló kú.

"Pọ́ǹpù kẹ̀?" Wadahi ní tiẹ̀ ò gbà. "Rọ́bà ọ́ìlì ló ń jò. Ojú mi báyìí ló ṣe."

"O rí ọ́ìlì nílẹ̀?" Ṣéèkì bi í.

"Rárá, Ṣéèkì. Inú ló ń jò sí."

Ẹnì kẹta ní àwọn méjèèjì ò mọ nǹkan kan, iyanrìn ló wọ inú ọ́ìlì.

"Ẹ dákẹ́ ná," Ṣéèkì ní. "Ṣé ó gbé òkúta?"

"Ó gbé e dáadáa," àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn.

"Kí ló dé tẹ́ ò kọ ọ́ pé ara ẹ̀ le?"

Yarubu họrí. "Tíṣà ní àìsàn wà níbẹ̀. Ta ni mí tí màá ní kò sí?"

Ṣéèkì ní olè gbọ́dọ̀ dá ohun tó jí padà. Ó fa Kalfani mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ kan sí i létí. Bàbá náà lọ síbi katapílà, ó sì padà wá láìpẹ́. Ṣéèkì wá ní kí Tíṣà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kó wá sọ ohun tó ń ṣe é.

Tíṣà kó gbogbo irinṣẹ́ ẹ̀. Alaasari ti fẹ́ẹ̀ tó kó tó dé, òógùn bò ó.

"Mo ti rí i. Fáàfù tó ń darí ọ́ìlì ló ń há. Ó kéré gan-an, ẹni tí ìmọ̀ ẹ̀ ò jinlẹ̀ ò lè rí i."

"Kalfani, kí lo ṣe níbẹ̀?"

"Ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe náà ni. Mo kírun Àyìlà lábẹ́ òjìji ẹ̀, mo sì padà wá. Mi ò fìka kàn án."

Ẹ̀rín pa mí, kọfí dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ṣéèkì mi ife tiẹ̀ sí mi, bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe tí kọfí bá ti tó wọn: ó tó, kò mu mọ́, kò sì gbọ́ mọ́.

"Kalfani jẹ̀bi, ó jalè. Ẹni tó bá sì lè jí àìsàn lára katapílà, ìwé ẹ̀rí tọ́ sí i. Tíṣà, jókòó síbí, kọ orúkọ ẹ̀ sí i kí o tó dìde. Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ti ba ẹni tára ẹ̀ le lórúkọ jẹ́. Fún ọjọ́ méje, ẹ ó máa lọ bẹ katapílà láràárọ̀, lójú gbogbo abúlé. Kalfani ni yóò máa gba ẹ̀bẹ̀ náà fún un."

Mo yà síbi katapílà láàárọ̀ yìí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò sínú iyanrìn, Tíṣà ló ṣáájú.

"Ara rẹ le," ni wọ́n ń wí. "Àwa la purọ́ mọ́ ọ."

Kalfani jókòó sókè nínú katapílà, ìwé ẹ̀rí tí kò lè kà wà lápò àyà ẹ̀. Ó gbé apá katapílà sókè díẹ̀, ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ó ti gbọ́," ó ní. "Ó ní òun ò tíì gbà."