Ẹ̀dọ̀fóró Tó Yọ́ Lẹ́nu Géètì

Ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi kọ̀ láti gbàgbé: ọjọ́ Wẹ́sídeè tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹsiteeti kan ní Ajah gbé ẹ̀dọ̀fóró tí mo fi oṣù mẹ́ta ṣe sínú oòrùn, tí wọ́n sì ń wò ó títí ó fi yọ́.

Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe ti èèyàn. Iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì ni. Irú ìgbì tó ń mú oúnjẹ gbóná nínú máíkírówéèfù la fẹ́ máa rán gba inú àyà kọjá, ní ìwọ̀n tí kò lè mú ara ẹnikẹ́ni gbóná, kí ẹ̀rọ lè fi ya àwòrán ibi tó ń ṣàìsàn. Wọn ò sì ní jẹ́ ká dán an wò lára aláìsàn àfi tó bá kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lára àwòṣe. Ni mo bá po jẹ́látìnì, òróró, iyọ̀, omi àti ọṣẹ olómi pọ̀ nínú kíṣìnì àǹtí mi tó ń gbé ní ẹsiteeti náà, mo lù ú títí ó fi hó, mo dà á sínú móòdù tó rí bí ẹ̀dọ̀fóró, mo sì fi kókó kan tó tó kóró àgbálùmọ̀, tó dúró fún àìsàn, pamọ́ sí i nínú. Aago mẹ́wàá ni ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò fẹ́ wò ó ní Ikate, níbi tí ẹ̀rọ náà wà, bóyá ó máa rí kókó náà. Bí kò bá rí i, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo gbé kúlà tí mo tọ́jú ẹ̀dọ̀fóró náà sí dé géètì. Jíìpù kan tó kó kúlà ńlá méjì sẹ́yìn kọjá níwájú mi. Wọ́n kí i, wọ́n ṣí géètì. Èmi tí mo fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n dá dúró.

"Bọ̀dá, ìwé ìjáde dà?"

Òfin ibẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ inú ilé kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù jáde láìsí ìwé tí onílé fọwọ́ sí. Mo ní àbúrò onílé ni mí. Ẹ̀ṣọ́ náà wo sálúbàtà mi.

"Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló wà nínú kúlà?"

Ẹlòmíì ì bá ní oúnjẹ ni. Èmi alákọ̀wé, mo dáhùn bí ẹni tó wà nínú ìdánwò: "Ẹ̀dọ̀fóró ni."

"Ẹ̀dọ̀fóró ta ni?"

"Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni."

Bàbá Lukman, olórí wọn, gbé e jáde, ó fìka tẹ̀ ẹ́. "Fùkù rèé o! Fírísà àǹtí yẹn ló ti jí i!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́! Àìsàn wà nínú ẹ̀!"

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo mọ̀ pé mo ti ba tèmi jẹ́. Ó sọ ọ́ sórí pèpéle sìmẹ́ǹtì bí ẹni di ejò mú. "Háà! Ẹran olóòkùnrùn lo fẹ́ lọ tà fún ọmọ èèyàn jẹ?"

Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án àfi tí àǹtí mi bá gbé fóònù. Àǹtí mi wà níbi iṣẹ́ ní Free Zone, níbi tí wọ́n ti ń gba fóònù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo pè é lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Oòrùn mú. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo fi ṣíji bò ó, mo dúró pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì níwájú gbogbo ará ẹsiteeti tó ń lọ síbi iṣẹ́.

"Ẹ wá wò ó," ẹ̀ṣọ́ kejì ń rẹ́rìn-ín, "ó ń ṣọ̀fọ̀ fùkù!"

Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án àbọ̀, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sun omi. Ọṣẹ inú rẹ̀ yọ ìfófòó, ó ń ṣàn lọ sílẹ̀. Bàbá Lukman bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa.

"Ọmọ yìí, ẹran kì í hó ọṣẹ."

"Mo ti ń wí i láti àárọ̀, Bàbá."

"Ó dáa, gbé nǹkan ẹ, máa lọ."

Mo pẹ́ dé Ikate ní ogún ìṣẹ́jú. A gbé ohun tó kù sínú ẹ̀rọ. Kókó kankan ò hàn mọ́. Gbogbo àwòrán náà ló pọ́n bí ojú apẹja. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi tẹjú mọ́ ọn, wọ́n mí kanlẹ̀. "Aláìsàn yìí ti kú kó tó dé ọsibítù." Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: ọdún tó ń bọ̀.

Mo ti kọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá tún bi mí ní ohun tó wà nínú kúlà, màá ní jẹ́lì ọmọdé ni. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í kọjá eyín.

Ẹ̀yin aláṣẹ ẹsiteeti, lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sí yín, ẹ ò fèsì kan. Ìbòòji wà ní ìṣísẹ̀ méjì sí pèpéle yẹn. Ta ló ní kí wọ́n má gbé e síbẹ̀? Ta ló sì máa dá ọdún kan padà fún mi?