Bísàpù Àǹtí Kódù

Ṣé ẹ ti rí bísàpù, ohun tí ẹ̀yin ń pè ní sóbò, tó di omi lásán lójú ẹni tó fẹ́ mu ún rí?

Dàbá rí i. Ìyàwó Màmúrì ni, ní ìlú Rùfísíkì níbí. Àǹtí Kódù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ló wá kí wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ lọ́dọ̀ wa, ìjọba ni. Kódù sì ti sọ ọ́ káàkiri àdúgbò pé bí oúnjẹ Dàbá ò bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á wá ìyàwó kejì fún Màmúrì kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Dàbá se ìrẹsì ẹlẹ́ja. Ó rẹ ewé sàláàdì sínú omi oògùn ewébẹ̀, oògùn oníhóró dúdú yẹn tó máa ń sọ omi di elésè àlùkò, tó ń jó kòkòrò láìdáná. Ó kó ewé náà kúrò, ó fi omi rẹ̀ sílẹ̀ nínú abọ́, ó lọ wẹ̀.

Nígbà tó múra tán, ó mú ìgò bísàpù tó wà níwájú nínú fíríìjì, ó bù ú sínú ife, ó kúnlẹ̀ gbé e fún Àǹtí.

Kódù tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí ẹnu àpò tí wọ́n so.

“Ìyàwó, ṣé irin lo fi se é ni?”

“Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.”

Ó fún un. Ṣìì.

Àwọ̀ pòórá. Fáú!

Omi lásán ló kù nínú ife.

Kódù fò sókè. Àga ṣubú, gbàà! Gèlè rẹ̀ bọ́ sínú ìrẹsì. Ètè rẹ̀ ti ṣú bí ti ẹni tó ń lá aáṣáà.

Ẹ̀rín ń pa mí.

“Màmúrì, onídán lo fẹ́. Kó ẹrù rẹ̀ síta.”

Dàbá sáré lọ wo abọ́ sàláàdì ní kíṣíìnì. Ó ti gbẹ fúrúfúrú.

“Àǹtí, omi tí mo fi fọ sàláàdì lẹ tọ́ wò. Bí ọsàn bá ti kan oògùn yẹn, agbára rẹ̀ tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo rọ ọ́ sínú ìgò.”

“Ta wá ni? Ẹni tí kò mọ omi tí wọ́n fi fọ ewé yàtọ̀ sí bísàpù, ṣé orí rẹ̀ pé? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní tẹ ilé yìí mọ́ láyé.”

Màmúrì ń wo àjà. Ìyá wọn, tó ti ń ka tẹ̀súbáà lórí ẹní láti àárọ̀, dáwọ́ dúró.

“Ta ló wọ kíṣíìnì nígbà tí ọmọ yìí ń wẹ̀? Ta ló ń kùn pé ìyàwó tó mọlé tọ́jú kì í fi bísàpù sílẹ̀ ní ṣíṣí, tó wá rọ ọ́ sínú ìgò?”

“Ta ni, Ìyá?”

“Ìwọ mà ni, Kódù.”