Kọ̀ǹpútà Tí Mo Kọ́ Ní "Àlàáfíà Ni"

Ọjọ́ tí mo gbé láptọ́ọ̀pù Àlàájì lọ jà n'Íkòtún, kò jọ pé yóò kúrò lọ́kàn mi láyé.

Àlàájì, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ń fi ẹ̀rọ kóṣẹ́ sọ́rùn agbádá ní Ìdímù. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó fi ń ya iṣẹ́ náà kú, ètò inú rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù tuntun tó rà n'Íkòtún. Èmi ọmọ yunifásítì wá kọ ètò tó ń ṣe bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ nínú láptọ́ọ̀pù. Bí Àlàájì bá ní kó tọ́jú iṣẹ́, láptọ́ọ̀pù á fi nọ́ńbà dáhùn: òdo ni pé ó ti ṣe é; nọ́ńbà mìíràn ni pé nǹkan bà jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìtumọ̀ tirẹ̀. Nọ́ńbà ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ àti ti láptọ́ọ̀pù ò bára mu. Ó yẹ kí n túmọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sú mi, mo bá ní kí gbogbo rẹ̀ máa di òdo. Ẹ kí Yorùbá tí òrùlé rẹ̀ ń jó, ṣebí "àlàáfíà ni" náà ló máa kọ́kọ́ sọ?

Àlàájì wá gbé agbádá bàbá rẹ̀ tó ti kú jáde. Ó ń tú òwú ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè rí bí wọ́n ṣe kó o, ó ń yà á sínú kọ̀ǹpútà, títí iṣẹ́ náà kò fi sí lára aṣọ mọ́. Ó ní kó tọ́jú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní ó ti tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó tún ṣí i, òfìfo ló bá.

Inú bí mi! Mo gbé láptọ́ọ̀pù, mo gba ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á lọ.

"Àkọ́kọ́, ọjà yín ò dáa. Èkejì, ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó tà á. Ẹ̀kẹta, mò ń sọ̀rọ̀, ẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra jàre. Ẹ fi nǹkan sí i ká wò ó."

Mo fi orin kan sí i, kí èrò tó ti pé lé wa lórí lè rí jìbìtì rẹ̀. Lójú gbogbo wọn, láptọ́ọ̀pù kọ ọ́ gàdàgbà pé àyè ti tán. Sinimá tí èmi fúnra mi kó síbẹ̀ nígbà tí mò ń kọ ètò náà ló kún un.

Ọkùnrin náà ju ẹ̀pà sẹ́nu. "Ó kúkú ń sọ̀rọ̀. Àbí kò sọ fún yín ni?"

Ó sọ o. Èmi ni mo sọ ọ́ di òdo kó tó dé etí Àlàájì. Àkọ́kọ́, sinimá mi. Èkejì, òdo mi. Ẹ̀kẹta, ariwo mi.

Mo padà sí Ìdímù, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Àlàájì ń wo òkìtì òwú lórí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ò bínú?"

"Àlàáfíà ni, ọmọ mi."

Láti ìgbà náà, àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà bá jẹ́wọ́, mo ń jẹ́ kó dé etí ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ìdáhùn Àlàájì yẹn, ẹ̀rín ẹlẹ́kún ni mò ń rín sí i dòní. Èmi tí mo kọ́ kọ̀ǹpútà ní irú rẹ̀ gan-an, mi ò mọ bí mo ṣe lè gbà á gbọ́.